Ẹni tí Ó Fẹ́ Jáwọ́ nínú Sìgá, Ta Ni Yóò Ké Sí?

Nínú gbogbo ohun tí ń di bárakú sí ọmọ ènìyàn lára, agbára káká ni a fi lè rí èyí tí ó yá ẹsẹ̀ dé inú ọpọlọ tó sìgá, nítorí pé bí amusìgá bá ti fa èéfín sínú ẹ̀dọ̀fóró, kí ìṣẹ́jú àáyá 20 tó pé, èròjà tí à ń pè ní níkótíìnì ti dé àtàrí rẹ̀, ó ti fún un ní ìtura díẹ̀, ìtura náà kì í sì í pẹ́ tí ara fi ń béèrè òmíràn. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó mu ẹyọ kan ṣoṣo kí ẹgbẹ́ má baà fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ni ó wá di baba ọlọ́mọ tí ń wá ìṣáná kiri kí ó tó bọ́jú láàárọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé àwọn tí tábà ń pa lọ́dọọdún lé ní mílíọ̀nù 7, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ àwọn tí ń mu ún ni ì bá fẹ́ jáwọ́ bí wọ́n bá rí ọ̀nà.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé àdájà ni ogun náà. Ọ̀sẹ̀ kìíní tí ènìyàn fi sìgá sílẹ̀ ni ara ń ni ín jù: inú a máa bí i láìnídìí, oorun a dá lójú rẹ̀, ọkàn rẹ̀ kì í pa pọ̀ sójú kan, ọ̀sẹ̀ náà gan-an sì ni púpọ̀ nínú àwọn tí kò ní olùrànlọ́wọ́ ń padà sídìí ohun tí wọ́n ti búra pé àwọn kò ní fọwọ́ kàn mọ́. Gbogbo alángbá ni ó dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Aya ilé lè má mọ̀, ọ̀gá níbi iṣẹ́ lè má mọ̀, dókítà tí èrò kún ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kò sì lè máa ráyè bi í léèrè lójoojúmọ́.

Ní ìpínlẹ̀ California ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní ọdún 1988, àwọn ará ìlú dìbò pé kí ìjọba fi sẹ́ǹtì 25 kún owó-orí páálí sìgá kọ̀ọ̀kan, kí a sì fi apá kan nínú rẹ̀ gbógun ti tábà. Nínú owó yìí ni wọ́n ti dá nọ́ńbà fóònù tí ẹni tí ó fẹ́ jáwọ́ nínú sìgá lè pè fún ìrànwọ́ sílẹ̀ ní 1992, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tí ó kárí odindi ìpínlẹ̀ kan ní orílẹ̀-èdè náà. Yunifásítì tí ó wà ní San Diego ni ó ń bójú tó o, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tí ń jẹ́ Shu-Hong Zhu sì ni aṣáájú ìwádìí ibẹ̀. Ó tọ́ lójú mi pé owó tí sìgá mú wá ni a fi ń gba amusìgá sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n nọ́ńbà nìkan kọ́ ni iṣẹ́ náà. Bí ènìyàn bá pè, agbanimọ̀ràn tí a ti kọ́ níṣẹ́ yóò bi í léèrè iye ẹyọ tí ó ń mu lójúmọ́ àti ìgbà tí ó máa ń wù ú jù, ìbáà ṣe lẹ́yìn oúnjẹ, ìbáà ṣe nígbà ìbínú, ìbáà ṣe láàárín àwọn ọlọ́tí. Wọn yóò jọ dá ọjọ́ tí yóò jáwọ́, wọn yóò sì jọ gbèrò ohun tí yóò fi ara rẹ̀ ṣe ní ìwọ̀nba ìṣẹ́jú tí òùngbẹ sìgá bá ń gbẹ ẹ́, nítorí òùngbẹ náà a máa rọlẹ̀ bí ènìyàn bá lè rọ́jú. Láti ìgbà náà lọ, agbanimọ̀ràn ni ó kù tí yóò máa pe amusìgá. Ètò tí Zhu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ là sílẹ̀ ni pé kí ìpè wáyé ní ọjọ́ kejì tí ó jáwọ́, àti ní ọjọ́ 3, ọjọ́ 7, ọjọ́ 14 àti ọjọ́ 30, kí ó pọ̀ níbi tí ìṣubú ti wọ́pọ̀, kí ó sì máa jìnnà síra bí ẹsẹ̀ onítọ̀hún ti ń ranlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìyá ti í di ọwọ́ ọmọ tí ń kọ́ ìrìn mú, tí í sì í jọ̀wọ́ rẹ̀ ní ìwọ̀n ìwọ̀n. Bí ó bá sì ti ṣubú, agbanimọ̀ràn kò gbọdọ̀ bú u, kò gbọdọ̀ wàásù fún un. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò.

Ìwádìí tí Zhu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2002 fi hàn pé pípe ènìyàn padà báyìí ń ṣiṣẹ́. Àwọn tí ó pè, tí iye wọn lé ní 3,000, ni wọ́n pín sí ọ̀nà méjì: wọ́n ń pe àwọn kan padà láti gbà wọ́n nímọ̀ràn, wọ́n fún àwọn yòókù ní ìwé kà, àfi bí àwọn fúnra wọn bá tún pè. Nígbà tí ọdún yípo, ìdá 9.1 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ti ìṣáájú ni kò tíì padà sídìí sìgá, ìdá 6.9 ni ti àwọn kejì. Ẹni tí ń kánjú yóò sọ pé ìyàtọ̀ náà kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n kí ó fara balẹ̀ ṣírò rẹ̀, nínú ẹgbẹ̀rún amusìgá, 22 ni ó fi jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì di ogunlọ́gọ̀ ẹ̀mí bí ó bá jẹ́ odindi orílẹ̀-èdè ni ó ń pè.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2004 ni ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fi nọ́ńbà kan ṣoṣo, 1-800-QUIT-NOW, so ti gbogbo ìpínlẹ̀ pọ̀. Síbẹ̀, ẹni tí kò gbọ́ nípa nọ́ńbà kò lè pè é. Ní 2012, wọ́n gbé àwọn tí sìgá ti sọ di aláàbọ̀ ara jáde lórí tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀kan nínú wọn ni Terrie Hall, ará North Carolina, tí jẹjẹrẹ ti gba gògóńgò rẹ̀, tí ó jókòó síwájú gbogbo ayé, tí ó fi eyín àtọwọ́dá sẹ́nu, tí ó dé irun àtọwọ́dá, tí ó sì fi aṣọ bo ihò ọrùn rẹ̀, bí ó ti máa ń múra láràárọ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ 12 péré, ìpè tí ó lé ní 200,000 ni ó fi kún iye tí wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀. Obìnrin akíkanjú náà kú ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2013. Ọ̀nà mìíràn ni Íńdíà gbà: wọ́n dá tiwọn sílẹ̀ ní Delhi ní 2016, láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2018 ni wọ́n sì ti ń tẹ nọ́ńbà náà sára páálí sìgá fúnra rẹ̀, níbi tí ojú amusìgá kò ti lè ṣaláìdé.

Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé lórí tábà ní 2004, ó fòǹtẹ̀ lù ú ní 2005, ó sì ṣe òfin tirẹ̀ ní 2015. Abala kẹrìnlá àdéhùn náà ni ó sọ pé kí ìjọba ran ẹni tí ó fẹ́ jáwọ́ lọ́wọ́. Àwa tí ilé iṣẹ́ sìgá ńlá wà ní Ìbàdàn ilé Olúyọ̀lé kò lè sọ pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn wá. Nọ́ńbà tí yóò bá wúlò fún wa gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ẹni tí kò ní kọ́bọ̀ lórí fóònù, kí awakọ̀ tí ó bá pè láti gáréèjì sì lè sọ tinú rẹ̀ ní Yorùbá, ní Haúsá tàbí ní Ìgbò; California pàápàá gba àwọn tí ń sọ èdè Ṣáínà, Kòríà àti Vietnam síṣẹ́. Bí owó kò bá sì tó láti gba àwọn tí yóò máa pe ènìyàn padà ní ọjọ́ kẹta àti ọjọ́ keje, ó sàn kí a fi ìpínlẹ̀ kan tàbí méjì bẹ̀rẹ̀ ju kí a tẹ nọ́ńbà tí ẹnikẹ́ni kò ní dáhùn sára gbogbo páálí sìgá láti Sókótó dé Àgbádárìgì.