Bí ọ̀rọ̀-ìṣe èdè Jámánì ṣe ń para dà bí ọ̀rọ̀ bá ti di àná

Lédè Yorùbá, "lọ" ni "lọ" ń jẹ́, ìbáà jẹ́ lónìí, ìbáà jẹ́ lánàá. Ti Jámánì kò rí bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe fúnra rẹ̀ ló ń para dà, ọ̀rọ̀ náà kò sì mọ sọ́dọ̀ ọmọ iléèwé nìkan, nítorí pé láti ọdún 2007 ni ìjọba Jámánì ti pa á láṣẹ pé ọ̀pọ̀ ẹni tó bá fẹ́ lọ bá ọkọ tàbí aya rẹ̀ lọ́hùn-ún gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi hàn pé òun gbọ́ díẹ̀ nínú èdè náà kó tó rí físà gbà.

Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe náà kò le. "Machen", ìyẹn ṣe, yóò di "machte". "Lernen", ìyẹn kọ́, yóò di "lernte". Ọ̀dọ̀ àwọn olóríkunkun ni wàhálà wà. "Singen", ìyẹn kọrin, kì í di "singte". "Sang" ló ń dà. "Trinken", ìyẹn mu, di "trank". "Gehen", ìyẹn lọ, di "ging". Àyípadà ti inú ọ̀rọ̀ wá. Jacob Grimm, ọ̀kan nínú tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tó ṣa àlọ́ jọ nì, ló pe irú wọn ní alágbára nínú ìwé gírámà rẹ̀ tó kọ́kọ́ jáde lọ́dún 1819. Àwọn oní "-te" ló pè ní aláìlágbára. "Bringen" ní tirẹ̀ fi ẹsẹ̀ kan sílé, ó fi ọ̀kan síta: ó yí inú padà, ó tún gba "-te", ó wá di "brachte".

Síbẹ̀, àwọn olóríkunkun yìí ní ìdílé. "Singen, sang, gesungen". "Trinken, trank, getrunken". "Finden, fand, gefunden": ẹni tó bá há wọn sórí ní mẹ́ta-mẹ́ta báyìí yóò rí i pé ìró kan náà ló ń tọ ara wọn lẹ́yìn.

Ẹ̀ka kẹta yẹn gan-an ló sì wúlò jù lẹ́nu, pàápàá ní gúúsù Jámánì. Inú ìwé ni "ich ging" ti wọ́pọ̀; ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú pópó yóò ní "ich bin gegangen", pé òun lọ. "War" àti "hatte", tí í ṣe ti "wà" àti "ní", nìkan ni akẹ́kọ̀ọ́ kò lè sá fún láti ọjọ́ kìíní.

Àwọn ọmọdé Jámánì pàápàá máa ń ṣì í pè, wọ́n á ní "gehte". Ọ̀rọ̀ mìíràn tilẹ̀ ti gbà fún irú wọn: "backen", ìyẹn kí á yan búrẹ́dì, tó ń jẹ́ "buk" tẹ́lẹ̀, "backte" ni ọ̀pọ̀ ń pè é báyìí.