Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Bí ọmọ odídẹrẹ́ ṣe ń kúrò lẹ́nu oúnjẹ olómi

Ọmọ odídẹrẹ́ tí ènìyàn ń fi ọwọ́ bọ́ máa ń gbára lé oúnjẹ olómi, èyí tí í ṣe ìyẹ̀fun tí wọ́n fi omi gbígbóná pò, tí wọ́n sì ń fi síríǹjì tàbí ṣíbí fún un, títí yóò fi tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 12 sí 16, tí yóò lè fi àgógó ara rẹ̀ jẹun. Ẹyẹ náà ni ó ń pinnu ọjọ́ tí èyí yóò parí. Ìwà ìkà gbáà ni kí ẹni tí ń sìn ín fi ebi pa á kí ó lè tètè jáwọ́.

Ohun tí ó tọ́ ni kí wọ́n máa gbé oúnjẹ rírọ̀, bí àgbàdo, ìrẹsì àti kárọ́ọ̀tì sísè, síwájú rẹ̀ lójoojúmọ́, kí ó lè tọ́ ọ wò, kí ó sì fi ṣeré. Èyí tí ó bá fọ́n sílẹ̀ kì í ṣe òfò rárá, nítorí nínú eré yìí gan-an ni ó ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹun. Ní ti oúnjẹ olómi náà, ti ọ̀sán ni wọ́n kọ́kọ́ ń dín kù, ti alẹ́ sì ni ó ń gbẹ̀yìn.

Ó pọn dandan kí wọ́n máa wọn ẹyẹ náà lórí òṣùwọ̀n ní àràárọ̀ kí ó tó jẹun, nítorí pé ó lè rù díẹ̀ ní àsìkò yìí, ṣùgbọ́n bí ó bá pàdánù ju ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n rẹ̀ lọ, kí wọ́n dá oúnjẹ olómi náà padà, kí wọ́n sì gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Píà àti ṣokoléètì kò gbọdọ̀ kan ẹnu rẹ̀, torí májèlé ni wọ́n jẹ́ fún un.