Abora àti Awọra: Ọ̀rọ̀-Ìperí Méjì fún Ìdáàbòbò Afárá Kọnkéré lọ́wọ́ Iyọ̀

Ohun tí a pinnu láti ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti fi ìyàtọ̀ hàn láàrin oríṣi èròjà méjì tí a ń fi dáàbò bo kọnkéré afárá lọ́wọ́ iyọ̀. Bí atúmọ̀ èdè bá pe méjèèjì ní ‘ọ̀dà’, òṣìṣẹ́ tí ó ka ìtumọ̀ náà lè lo ọ̀kan níbi tí èkejì tọ́ sí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo iṣẹ́ tí iyọ̀ ń ṣe. Kọnkéré le, ṣùgbọ́n ó ní ihò wẹ́wẹ́, gẹ́gẹ́ bí ìkòkò omi tí àwọn amọ̀kòkò Òkèlele ní Ìlọrin ń mọ, tí omi inú rẹ̀ ń yọ sí ara rẹ̀ bí òógùn. Irú ihò bẹ́ẹ̀ ni iyọ̀ inú omi ń gbà wọlé. Irin inú kọnkéré ni ó ń bà jẹ́ jù. Sìmẹ́ǹtì kì í jẹ́ kí irin dógùn-ún; ṣùgbọ́n bí iyọ̀ bá pọ̀ tó nídìí irin, ààbò náà yóò yẹ̀. Ìpáàrà a sì máa gba àyè tó ìlọ́po méjì irin tí ó jẹ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ; ìdí nìyí tí kọnkéré fi ń sán, tí ó sì ń já bọ́.

Omi odò Asà ní Ìlọrin kò níyọ̀, nítorí náà ìṣòro yìí kò sí lórí rẹ̀. Ti Èkó yàtọ̀. Afárá Third Mainland, tí a ṣí apá kìíní rẹ̀ ní 1980, tí a sì parí rẹ̀ ní 1990, gùn tó kìlómítà 11.8, inú ọ̀sà tí omi òkun ń wọ̀ ni ó sì dúró sí. Lítà omi òkun kan ní iyọ̀ tí ó tó gíráàmù 35. Ní àwọn ilẹ̀ olótùútù, ojú títì ni wọ́n ń da iyọ̀ sí kí yìnyín lè yọ́. Ìwé wọn a sì máa tẹnu mọ́ òkè afárá. Ní Èkó, ìsàlẹ̀ ni iyọ̀ ti ń wá. Ara ẹsẹ̀ afárá, níbi tí omi ń kún dé tí ó sì ń fà kúrò, ni ewu pọ̀ sí jù.

A dábàá abora (a + bò + ara) fún èròjà bí ẹ́pọ́sì, tí ó ń di awọ lé kọnkéré lórí. A dábàá awọra (a + wọ̀ + ara) fún èròjà bí sìléènì, tí kọnkéré ń fà mu. Osùn a máa bora. Òrí a máa wọra. A kò yan ‘adíhò’, nítorí pé awọra kì í dí ihò: ara ògiri ihò ni ó ń lẹ̀ mọ́, tí omi kò fi ní lè wọlé, tí ọ̀rinrin sì lè gbẹ jáde. Abora lè ṣí bí ọ̀rinrin bá há sábẹ́ rẹ̀. Awọra, ní tirẹ̀, kò lè ráyè wọ kọnkéré tí omi ti kún ihò rẹ̀. Kò yẹ ibi tí omi bò nígbà gbogbo.

Ó ku ìkìlọ̀ kan fún olùkọ́ àti atúmọ̀ èdè. Kò sí èyí tí ó lè yọ iyọ̀ tí ó ti wọlé jáde nínú méjèèjì. Nítorí náà, ‘ìdènà’ ni kí a máa pe iṣẹ́ wọn, kí a má ṣe pè é ní ‘ìwòsàn’.