Bí ohùn bá pẹ́ lọ́nà, orin bàjẹ́ nìyẹn: Linux àti iṣẹ́ gbígba orin sílẹ̀ ní ìlú Accra

Ẹyin ni ọ̀rọ̀, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni ó ń fọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ohùn olórin rí nínú sítúdíò. Olórin lè kọ orin kan ní ìgbà mẹ́wàá kí ó tó kọ ọ́ re lẹ́ẹ̀kan. Bí kọ̀ǹpútà bá wá hó ‘kàà’ sí àárín ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo yẹn, ohun tí ó sọnù kò ṣe é rà lọ́jà.

Ọ̀rọ̀ irinṣẹ́ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa da àwọn olórin Accra láàmú. Ìlú E.T. Mensah ni, ẹni tí ó kó ẹgbẹ́ Tempos wá sí Nàìjíríà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, tí òun àti Victor Ọláìyá sì jọ ṣe àwo orin háíláìfù ní àwọn ọdún 1980. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba ní òpin ọdún 1981, òfin kónílégbélé ọdún 1982 sí 1984 pa òde alẹ́, owó ibodè lórí ohun èlò orin sì wọ́n. Ọdún 1982 yẹn náà ni John Collins dá sítúdíò Bokoor sílẹ̀ ní ẹ̀bá Accra. Nígbà tí Reggie Rockstone sọ orin híplaífù di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ní àwọn ọdún 1990, ẹ̀rọ ti ń rọ́pò onílù àti onífèrè.

Lónìí, kọ̀ǹpútà kan nínú yàrá kan ti tó sítúdíò. Wàhálà ibẹ̀ ni pé dọ́là ni wọ́n fi ń ta púpọ̀ nínú ètò tí ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, sídì sì ni olórin Accra ń pa. Ọ̀fẹ́ ni Linux, tí Linus Torvalds, ọmọ ilẹ̀ Finland, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1991. Kì í ṣe àlejò ní Accra: Ibùdó Kofi Annan, tí ìjọba Gánà àti ti Íńdíà jọ dá sílẹ̀ ní ọdún 2003, ti ń kọ́ni ní ìmọ̀ kọ̀ǹpútà níbẹ̀, ìlú náà sì ni wọ́n ti ṣe Idlelo, ìpàdé Áfíríkà lórí irú ètò ọ̀fẹ́ bẹ́ẹ̀, ní ọdún 2010.

Kernel ni olórí ilé nínú Linux. Òun ni ó ń pín iṣẹ́: ta ni yóò kọ́kọ́ ṣe, ta ni yóò dúró. Ohùn ń wọlé bí omi ẹ̀rọ tí ń dà sínú korobá. Bí ẹni tí yóò gbé korobá náà bá pẹ́, omi á dànù. Ìyẹn ni ‘kàà’ tí a ń gbọ́. Bí a bá sì lo korobá ńlá kí omi má baà dànù, ohùn á pẹ́ kí ó tó padà sí etí akọrin. Ní ìwọ̀n 48,000 lójú ìṣẹ́jú àáyá kan, korobá 1024 ń gba nǹkan bí ìdá 21 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Korobá 128 kò tó ìdá 3. Akọrin kì í fura sí ìkejì. Èkíní lè mú un ṣìnà.

Kernel tí ó wà nílẹ̀ ni kí ènìyàn kọ́kọ́ dán wò, nítorí ó tó fún ẹni tí kò ṣe ju kí ó máa to orin pọ̀ lọ. Ẹni tí ń gba ohùn ènìyàn sílẹ̀ ni PREEMPT_RT wúlò fún jù. Iṣẹ́ yìí, tí Ingo Molnár àti Thomas Gleixner léwájú nínú rẹ̀, gbà tó ogún ọdún kí ó tó wọ inú kernel gan-an ní ẹ̀dà 6.12, ní November 2024. Ó ń jẹ́ kí iṣẹ́ ohùn lè dá iṣẹ́ mìíràn dúró lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní káàdì àwòrán Nvidia ní láti ṣọ́ra, nítorí ètò tí ilé-iṣẹ́ náà ṣe fún un kì í sábà bá irú kernel yìí rẹ́.

Lórí Debian, àṣẹ kan ni: sudo apt install linux-image-rt-amd64. Ní Accra tí wọ́n ti ń pe iná tí ń lọ tí ń bọ̀ ní ‘dumsor’, ó yẹ kí bátìrì kún kí a tó tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà, kí a pa kọ̀ǹpútà, kí a tún un tan, kí a sì tẹ uname -a. Bí PREEMPT_RT bá hàn, ó ti wọlé. Bí a bá ń fi jackd sí i, tí ó bá béèrè bóyá kí ó fún iṣẹ́ ohùn ní ipò àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ ni ni ìdáhùn. Kí a sì fi orúkọ ara wa sínú ẹgbẹ́ audio.

A kì í yọ kernel àtijọ́ kúrò. Bí tuntun bá kọ̀ láti ṣiṣẹ́, àtijọ́ ṣì wà nínú àkọsílẹ̀ tí GRUB ń gbé jáde nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ń tan. Kí akọrin tó dé, kí a gba ohùn ìṣẹ́jú mẹ́wàá sílẹ̀ lórí korobá 128. Bí kò bá hó rárá, kí a ránṣẹ́ pe akọrin.