Ẹ̀rọ Orin Oníwúrà àti Etí Abiyamọ

Bí ẹ bá bá ọkọ yín níbi tí ó ti ń wo àwòrán ẹ̀rọ orin kan tí owó rẹ̀ tó 3,700 dọ́là, ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀ ìjà. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ jọ wò ó. Ó sì lè jẹ́ pé ẹ̀yin gan-an ni ojú yín wọ nǹkan náà, nítorí kò sí òfin tí ó ní ọkùnrin nìkan ni ó gbọdọ̀ fẹ́ràn ohun tí ń dán. Ohun tí mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò lóṣù yìí ni ohun tí irú owó bẹ́ẹ̀ ń rà wọ ilé, àti ohun tí kò lè rà.

Ẹ̀rọ tí mo ń sọ yìí kì í ṣe fóònù. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni a dá a sí: kí ó máa kọrin sí etí ẹni tí ó ní in, láti inú íápíìsì. Baba ńlá rẹ̀ ni Walkman oníkásẹ́ẹ̀tì tí ilé-iṣẹ́ Sony gbé jáde ní Japan ní 1979. Ní 2001 ni Apple gbé iPod tirẹ̀ dé, èyí tí ó gba ẹgbẹ̀rún orin. Ní 2022 wọ́n dá a dúró, nítorí fóònù ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn olólùfẹ́ orin kan ṣì wà tí fóònù kò tẹ́ lọ́rùn. Àwọn ni ilé-iṣẹ́ Japan, Kòríà àti Ṣáínà ń ṣe ẹ̀rọ olówó gọbọi fún.

Orin tí ó wà nínú ẹ̀rọ wọ̀nyí, nọ́ńbà ni a fi kọ ọ́ pamọ́. Ẹ̀yà kan tí à ń pè ní DAC a sọ nọ́ńbà náà padà di ohùn, ẹ̀yà mìíràn a sì fún ohùn náà lágbára kí íápíìsì lè gbé e jáde. Bí a bá fún orin mọ́ra sí MP3, a gé lára rẹ̀ sọnù kí ó tó kéré. FLAC ní tirẹ̀ ń ká orin jọ bí ẹni ká aṣọ sínú àpótí: bí a bá tú u, kò sí ohun tí ó dín níbẹ̀. Orin oníṣẹ́jú mẹ́rin tí ó gba nǹkan bí mẹgabáìtì 42 lórí àwo CD lè di nǹkan bí 4 péré nínú MP3 oníwọ̀n 128. Ẹ rí i pé púpọ̀ ti bọ́ sọnù.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀kan wé èkejì. NW-WM1ZM2 ti Sony, tí ó jáde ní 2022, ni ó gba 3,700 dọ́là yẹn ní Amẹ́ríkà. Bàbà tí a fi wúrà bò ni àpótí rẹ̀, ó sì wọn gíráàmù 490. Ẹ gbé ọ̀rá omi tútù kan lọ́wọ́, ìwọ̀n rẹ̀ nìyẹn. SP3000 ti Astell&Kern láti Kòríà jáde ní ọdún kan náà, owó wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba; irin tí kì í dógùn-ún ni tirẹ̀, ó wọn 493. Bátìrì Sony a máa tó nǹkan bí wákàtí 40, ti SP3000 kò ju nǹkan bí 10 lọ. Ní ìlú tí iná ń ṣẹ́jú, ìyàtọ̀ yìí ju ti wúrà lọ.

Sony tún ní àbúrò ẹ̀rọ yẹn, NW-WM1AM2, tí owó rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 1,400 dọ́là nígbà tí ó jáde. Alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe àpótí tirẹ̀, gíráàmù 299 ni. Ohun tí ó ya ẹ̀gbọ́n sọ́tọ̀ sí i jù ni àpótí, díẹ̀ nínú wáyà inú, àti àyè ìpamọ́ tí ó jẹ́ ìlọ́po méjì. Ẹgbẹ̀rún méjì dọ́là àti lé, fún ẹ̀wù! Èyí tí ó tún kéré sí i nínú ilé wọn, NW-A306, jáde ní 2023 ní 350 pọ́n-ùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Gíráàmù 113 ni, ó wọ àpò ìró dáadáa, ó sì ní ojú ihò tí a lè ki mẹ́mọ́rì káàdì bọ̀.

Ǹjẹ́ etí gbọ́ ìyàtọ̀? Ní 2007, Meyer àti Moran ní Amẹ́ríkà jẹ́ kí àwọn ènìyàn gbọ́ orin tí a gbà sílẹ̀ ní ìwọ̀n tí ó ga ju ti CD lọ, wọ́n tún jẹ́ kí wọ́n gbọ́ orin kan náà ní ìwọ̀n CD lásán, láìsọ èwo ni èwo fún wọn. Nínú ìgbìyànjú 554, 276 ni àwọn olùgbọ́ mọ̀. Bí ẹ bá fi owó wẹ́wẹ́ tọ́ ọ sókè, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ ó ṣe gbà á. Joshua Reiss ní Lọ́ńdọ̀nù kó ìwádìí 18 jọ ní 2016, òun rí 52.3 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn tí a ti kọ́ ní ìgbọ́ sì ṣe dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyàtọ̀ wà, ṣùgbọ́n ó tín-ín-rín.

Èmi náà ti dán an wò. Ọ̀rẹ́ mi kan yá mi ní ẹ̀rọ olówó ńlá tirẹ̀. Mo di ojú mi, ọkọ mi sì ń pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú fóònù mi, pẹ̀lú íápíìsì kan náà àti orin kan náà. Nígbà àkọ́kọ́ mo mọ̀ ọ́n ní gbogbo ìgbà, inú mi dùn. Àṣé ti ọ̀rẹ́ mi ni ó ń ké sókè jù! Nígbà tí a mú ohùn méjèèjì dọ́gba, mẹ́fà nínú mẹ́wàá ni mo gbà. Nítorí náà, bí òǹtajà bá ní kí ẹ gbọ́ méjì wò, ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá ohùn wọn dọ́gba, nítorí èyí tí ó bá ké jù ni etí máa ń pè ní èyí tí ó dùn jù.

Ẹ̀rọ alágbára wúlò fún agbékọ́rí ńlá tí ó le láti gbé, irú HD 600 ti Sennheiser tí ìdènà iná rẹ̀ jẹ́ ohm 300. Íápíìsì kékeré kò béèrè irú agbára bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ èmi, íápíìsì dáradára ni ǹ bá kọ́kọ́ ná owó lé, ǹ bá sì fara balẹ̀ yan rọ́bà ẹnu rẹ̀ tí ó bá ihò etí mu, nítorí bí afẹ́fẹ́ bá ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé, ohùn ìyá ìlù a di páńda, wúrà kì í sì í tún un ṣe. Lẹ́yìn náà ni orin fúnra rẹ̀. Haruna Ishola tí wọ́n dà láti inú kásẹ́ẹ̀tì sí kásẹ́ẹ̀tì, kí ó tó wá dé orí fóònù, ti fi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Ẹ wá ẹ̀dà tí a dà láti orí àwo gidi.

Ohun kan wà tí mo yin ẹ̀rọ wọ̀nyí fún: ẹnikẹ́ni kò lè pè yín lórí wọn. Abiyamọ tí ó rí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú jókòó láìgbọ́ ìró fóònù mọ iye tí ó tó. Ṣùgbọ́n NW-A306 náà ń ṣe èyí, fóònù àtijọ́ tí a yọ káàdì ìpè rẹ̀ kúrò náà sì ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́.

Etí ni kò ní ẹ̀dà. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní kí àgbà má gbọ́ ìwọ̀n dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 80 ju wákàtí 40 lọ lọ́sẹ̀. Bí ó bá di 90, wákàtí 4 péré ni. Bí ó bá di 100, ogún ìṣẹ́jú. Fún ọmọdé, 75 ni wọ́n dá fún wákàtí 40 náà. Irun wẹ́wẹ́ inú etí tí ariwo bá pa kì í hù mọ́. Bí ọmọ bá sùn sí yàrá kejì, etí kan ni kí ẹ ki íápíìsì bọ̀. Bí òun náà bá sì tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ yín, ẹ kọ́kọ́ gbé e sí etí tiyín, kí ẹ rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ tó fi sí tirẹ̀.