Kí Iná Tó Dé Ọ̀dọ̀ Yín, Èéfín Á Ti Dé

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń lọ ra aṣọ àti bàtà ní Balógun, ẹ dákun, ṣé ẹ ti wo ọ̀nà mìíràn tẹ́ ẹ lè gbà jáde rí?

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019, iná jó àwọn ilé ìtajà ní ọjà Balógun, l'Ékòó. Gbogbo wa pariwo omi àti ọkọ̀ panápaná. Àmọ́ èéfín ló sábà máa ń pa èèyàn kí iná tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Májèlé inú ẹ̀ kan wà tí kò ní òórùn rárá.

Ọ̀pọ̀ plásà àtijọ́, àtẹ̀gùn kan ṣoṣo ni wọ́n ní, wọ́n sì tún kó báàlì aṣọ dí i. Tí iná bá ṣẹ́ nísàlẹ̀, àtẹ̀gùn yẹn náà lèéfín máa gbà gòkè wá bá yín.

Ní Kemerovo, ní Rọ́ṣíà, lóṣù Kẹta ọdún 2018, èèyàn 60 ló kú nínú ilé ìtajà kan. 37 nínú wọn jẹ́ ọmọdé. Aago ìkìlọ̀ ò dún, wọ́n sì ti àwọn ilẹ̀kùn àbájáde pa.

Ẹ̀yin lánlọ́ọ̀dù tó ń gbowó ṣọ́ọ̀bù, ilẹ̀kùn tó ń pa ara ẹ̀ dé lẹ́nu àtẹ̀gùn, ihò tí èéfín á gbà jáde lókè, aago tó ń ṣiṣẹ́: ẹ̀tọ́ wa ni. Ẹ̀yin oníṣọ́ọ̀bù, ẹ kó ẹrù kúrò lójú ọ̀nà. Ìjọba náà, ẹ má dúró dìgbà tẹ́ ẹ máa wá kẹ́dùn.

Tí èéfín bá ká yín mọ́, ẹ tẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ rá jáde, kẹ́ ẹ pe 112. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.