Ìyá Wa Kì Í Ṣe Àjẹ́, Àìsàn Ni



Ìyá tó kọ́ wa lọ́jà títà, tó ń ṣírò owó lórí láìkọ ọ́ sílẹ̀, ó dàgbà tán, kò mọ orúkọ ọmọ rẹ̀ mọ́. Ó ń dá sọ̀rọ̀ lóru. Aládùúgbò ní àjẹ́ ni, ó ń jẹ́wọ́. Irọ́ ni o! Àìsàn ọpọlọ ni. Dókítà ará Jámánì kan, Alois Alzheimer, ló ṣàlàyé rẹ̀ ní 1906, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pè é.

Ó ń ṣe Yorùbá náà. Ní 1992, àwọn dókítà UCH bẹ̀rẹ̀ sí yẹ àwọn àgbàlagbà Ìdíkàn n'Ìbàdàn wò. Àbọ̀ tí wọ́n gbé jáde ní 2001 fi hàn pé kò wọ́pọ̀ níbẹ̀ tó ti àwọn èèyàn dúdú Indianapolis l'Amẹ́ríkà. Ó dín o, ṣùgbọ́n ó wà.

Tó bá di ìgbẹ̀yìn, ọ̀rọ̀ á tán lẹ́nu ìyá. Kò ní lè dá rìn, kò ní lè dá jókòó. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ á máa bọ́ lára rẹ̀ láìmọ̀. Oúnjẹ gbígbé mì á di ìṣòro.

Ibi oúnjẹ yìí ni ká ti ṣọ́ra jù. Èmi tí mò ń kọ èyí, mo fi tipátipá rọ ìyá mi lẹ́kọ, ó sì há a lọ́fun. Nọ́ọ̀sì ló là mí lóye: oúnjẹ tó bá ṣìnà wọ ẹ̀dọ̀fóró lè pa arúgbó. Ẹ gbé ìyá jókòó dáadáa. Ẹ fún un ní ohun tó rọ̀, bí ògì tó ki tàbí ẹ̀wà tí a lọ̀ kúnná. Ṣíbí kékeré ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ jẹ́ kó gbé ti ẹnu mì kẹ́ ẹ tó fi òmíràn sí i. Tó bá jẹun tán, ẹ má tètè dá a dùbúlẹ̀.

Ẹ máa yí i padà ní wákàtí méjì méjì, kí egbò má bàa dá sí i nídìí àti ní gìgísẹ̀. Tó bá tọ̀ sára, ẹ wẹ̀ ẹ́, ẹ nù ún gbẹ.

Kò lè sọ pé ara ń ro òun mọ́, ojú rẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa wò. Tó bá ń fajú ro, tó ń kérora, tí ara rẹ̀ gbóná, tàbí tó kọ oúnjẹ lójijì, ẹ gbé e lọ sọ́sibítù. Ti ìjọba wà ní Gbàgádà, LUTH wà ní Ìdí-Àràbà. Kò tíì sí oògùn tó ń wo àìsàn yìí sàn, ṣùgbọ́n wọ́n lè dín ìrora kù. Ẹ má gbé e lọ síbi tí wọ́n á ti dè é tàbí nà án.

Ẹ máa ki oríkì rẹ̀ fún un, ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọ̀rọ̀ lè tán lẹ́nu rẹ̀, kó ṣì mọ ìfẹ́ lára.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹni tó ń tọ́jú ìyá ò lè dá a ṣe. Tẹ́ ẹ bá rí ìsọ̀ rẹ̀ ní títì, ẹ yà kí i, ẹ bá a tajà fún ọjọ́ kan kó lè sùn. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ọjọ́ ń bọ̀ tó máa kan àwa náà.